Kí A Tó Dé Ìyẹ́ Náà Pa

Ìbéèrè kan wà tí kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù nílé tí kì í bá a pàdé. Ó máa ń dé nígbà tí a ti lu gbogbo ihò tán, tí a ti fi fáìlì dan etí páànù, tí egungun ìyẹ́ tò rẹrẹ sórí tábìlì, tí ọwọ́ sì ti ń yún èèyàn láti gbé ìbọn rífẹ́ẹ̀tì kí iṣẹ́ máa lọ. Ṣé kí a kọ́kọ́ fi ọ̀dà tí à ń pè ní práímà kun inú ohun tí a fẹ́ dé pa yìí kí ìpáàrà má bàa rí i jẹ, àbí kí a kàn án pọ̀ bó ṣe wá? Lẹ́yìn rífẹ́ẹ̀tì, kò sí àtúnṣe tó rọrùn mọ́. Ibi tí páànù méjì ti lẹ̀ mọ́ra, búrọ́ọ̀ṣì kò lè wọ ibẹ̀. Inú ìyẹ́ tí a ti dé, ojú kò lè tó o àfi láti ẹnu ihò ìyẹ̀wò tí ọwọ́ kan ṣoṣo lè gbà wọlé.

Ọ̀wọ̀ ni mo wà. Lẹ́yìn ilé wa, lápá ọ̀nà tó lọ sí Ìpèlé, ni mo kọ́ abà onípáànù kan sí tí mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ irin ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kí n tó fẹ̀yìn tì: bí a ṣe ń wọn páànù, bí a ṣe ń gé e, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tí kò fi ní ya. Bàálù tí mo ń kàn ni RV-7A, oníjòkòó méjì, ẹlẹ́ńjìnnì kan, ti iléeṣẹ́ Van's Aircraft ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Odindi bàálù kọ́ ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ síni. Páànù tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì ti lu ihò sí ni, pẹ̀lú ìwé àwòrán, nínú àpótí igi. Ìrù ló ń kọ́kọ́ wá, ìyẹ́ a tẹ̀ lé e, ara ọkọ̀ a tẹ̀ lé ìyẹ́. Ẹni tó rà á ni yóò kàn án pọ̀, rífẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ti ìwé àṣẹ tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa, yóò fún un kí ó tó lè gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, ó sì ní ìnira tirẹ̀.

Àwọn tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi máa ń rò pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nílẹ̀ yìí ni mo dáwọ́ lé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, iléeṣẹ́ AIEP tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà ní Kàdúná mú RV-6A, ẹ̀gbọ́n èyí tí mo ń kàn, wọ́n sì fi ṣe Air Beetle, bàálù tí àwọn ọmọ ogun yóò máa fi kọ́ bí a ṣe ń fò. Nǹkan bí 60 ni wọ́n pète láti ṣe. Bàálù tí àwọn aláfẹ́ Amẹ́ríkà ń kàn lẹ́yìnkùlé ilé wọn, òun ni orílẹ̀-èdè wa fi kọ́ àwọn awakọ̀ ogun. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ páànù tí wọ́n ń kọ́ kò mọ sórí garawa àti agbada. Àwọn kan gbà mí gbọ́. Méjì nínú àwọn tó gbà mí gbọ́ ló ń bá mi di páànù mú lónìí bí mo bá ń lu rífẹ́ẹ̀tì.

Kí n tó lè sọ ohun tí mo pinnu, ó yẹ kí n sọ irú irin tí ó wà nílẹ̀. Alumíníọ̀mù lásán fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Kò lè ru ẹrù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Alfred Wilm rí i pé bí a bá po bàbà díẹ̀ mọ́ ọn, tí a mú un gbóná gidigidi, tí a sì mú un tutù lójijì, yóò máa le sí i fúnra rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Láti ibẹ̀ ni irin bàálù ti ṣẹ̀ wá. Èyí tí wọ́n fi ṣe ìyẹ́ mi, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 2024, ní bàbà tó tó nǹkan bí 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbà yìí ló fún un lágbára, òun náà ló sì sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́ lọ́wọ́ omi. Níbi tí irin méjì tí kò bára mu bá ti fara kanra, tí ọ̀rinrin sì wà láàárín wọn, iná tí kò tó nǹkan máa ń ṣàn láti ọ̀kan sí èkejì, ọ̀kan nínú méjèèjì ló sì ń fi ara rẹ̀ san án. Nínú páànù 2024, hóró bàbà àti alumíníọ̀mù ti wà nínú ara kan náà. Ọ̀rinrin nìkan ló kù. Ìpáàrà rẹ̀ kì í pọ́n bíi ti irin. Lẹ́búlẹ́bú funfun ló ń yọ, ó sì lè máa jẹ wọnú láàárín hóró kan sí òmíràn nígbà tí ojú rẹ̀ lókè ṣì ń dán.

Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n rí ọgbọ́n ta sí i. Wọ́n mú alumíníọ̀mù tí kò ní bàbà nínú, wọ́n fi bo páànù alágbára náà lójú méjèèjì, wọ́n jùmọ̀ yí wọn lábẹ́ ẹ̀rọ títí wọ́n fi di ọ̀kan. Alclad ni wọ́n ń pè é. Nínú páànù tó nípọn tó 0.6 mílímítà, irú èyí tó wà lórí tábìlì mi, ìbòra náà jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní ojú kọ̀ọ̀kan. Èyí kò ju 0.03 mílímítà lọ. Irun orí nípọn jù ú. Síbẹ̀ òun ló ń gba ìyà jẹ kí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ má bàa jẹ ẹ́.

Ẹni tí kò sún mọ́ bàálù rí lè fi páànù òrùlé mọ̀ ọ́n. Irin ni páànù ilé wa, síńkì ni wọ́n fi bò ó, síńkì ló sì ń kọ́kọ́ kú dípò irin. Bí èèyàn bá dúró níbi tó ga díẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, tàbí tó ń wakọ̀ lọ láti Ẹlẹ́gbẹ́kà sí Ìfọ́n, yóò rí àwọn òrùlé àtijọ́ tí wọ́n ti pọ́n. Ẹ sún mọ́ ọ̀kan wò. Àárín páànù, níbi tí òjò ń fọ̀ tí oòrùn sì ń gbẹ, ni ó máa ń pẹ́ jù kó tó dógùn-ún. Ibi tí páànù kan ti gun èkejì ló kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi wọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde, àti yíká ìdí ìṣó tó ti lu síńkì já. Mo ti gun òrùlé púpọ̀ láti tún un ṣe, n kò sì rí i kí ó yí padà rí. Ìyẹ́ bàálù sì rèé: kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ ju páànù tó gun páànù, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tí a lu já ìbòra rẹ̀.

Àwọn tó ní kí a má kun ún ní àwíjàre tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo sì fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ní Alclad ti tó. Wọ́n ní ẹ wo Cessna 172 tí wọ́n ti ń ṣe láti 1956: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ ni kò ní ọ̀dà kankan nínú, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa ń san owó lé e, púpọ̀ nínú wọn sì ṣì ń fò lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní ọ̀dà wúwo. Òótọ́ ni, RV-7A tí kò sí èèyàn tàbí epo nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 500 kílò lọ, kílò mélòó kan tí a bá fi ọ̀dà kó sínú rẹ̀ yóò máa bá a fò títí ayé. Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ti àkókò. Fífọ̀, gbígbẹ, fífín, dídúró kí ó gbẹ, gbogbo rẹ̀ lórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ègé páànù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ bàálù tí wọn kò parí rẹ̀ láé, ibi ọ̀dà yìí sì wà lára ibi tí ó ti máa ń sú wọn. Bàálù tí kò ní ọ̀dà nínú tó sì fò sàn ju èyí tó ní ọ̀dà tó sì jókòó sínú abà títí olówó rẹ̀ fi kú.

Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, níbo ni wọ́n ń gbé? Bí mo bá wà ní Arizona, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ táútáú, n kì bá tí ra ọ̀dà kankan. Kódà bí mo bá wà ní Kàdúná tí wọ́n ti ṣe Air Beetle, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń gba bí ìdajì ọdún, ó ṣeé ṣe kí n rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ibẹ̀. Igbó ni wá. Láti nǹkan bí oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá ni òjò ń bẹ lọ́dọ̀ wa, ìsinmi oṣù kẹjọ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gùn. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà àjọ̀dún Igogo, tí a kì í lu ìlù ní ìlú, tí agogo nìkan ń dún, mo máa ń gbé ìbọn rífẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ pátápátá, nítorí ariwo rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìlù létí ẹni tó ń kọjá. Àsìkò yẹn ni mo máa ń jókòó ti iṣẹ́ náà tí mo kàn ń wò ó. Lówùúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọ, páànù tí mo kó sórí tábìlì ti máa ń lóòógùn. Ìrì ti sẹ̀ sí i lára nínú ilé, lábẹ́ òrùlé, tí òjò kankan kò kàn án. Bí yóò ti rí nínú ìyẹ́ náà nìyẹn lálaalẹ́, ọdún dé ọdún: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò tutù, omi yóò sẹ̀, yóò sì ṣàn lọ sí ibi tó rẹlẹ̀ jù, láàárín egungun àti páànù.

Omi nìkan kọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku tó tín-ín-rín máa ń bá afẹ́fẹ́ wọ gbogbo igun, yóò lẹ̀ mọ́bẹ̀, bí òjò bá sì dé, eruku náà ni yóò máa mu omi sára tí kò ní jẹ́ kí ó gbẹ. Èkúté ń bẹ. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé wáyà ni èkúté ń bà jẹ́ nínú bàálù. Ìtọ̀ rẹ̀ burú ju eyín rẹ̀ lọ, ó ń jẹ alumíníọ̀mù bí ásíìdì. Sìmẹ́ǹtì tútù náà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, àwọn tó ń bu bíríkì sì wà ní ìtòsí ṣọ́ọ̀bù mi tí afẹ́fẹ́ ń gbé eruku wọn wá. Òkun nìkan ló jìnnà sí wa. Etíkun ìpínlẹ̀ yìí wà ní Ìlàjẹ, ọ̀nà rẹ̀ jìn sí Ọ̀wọ̀, nítorí náà iyọ̀ kò sí nínú afẹ́fẹ́ wa bó ṣe wà nínú ti Èkó. Ṣùgbọ́n a kì í kan bàálù kí ó lè máa gbé ojú kan.

Ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí sí ohun tí ọ̀rinrin ń ṣe. Ní 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí wọ́n sọ pé wọ́n ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Amọ̀ tí a fi iná sun ni wọ́n, ojú wọn, ìlà wọn, ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn wọn ṣì ń hàn kedere. Kò sí irin lásán tí ilẹ̀ olójò bíi tiwa yóò tọ́jú bẹ́ẹ̀ fúnni. Nígbàkúgbà tí mo bá lọ sí ilé ọnà tó wà láàfin, mo máa ń wo àwọn ère náà bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ohun tí kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láéláé, tí ó sì fẹ́ kí ó pẹ́ dé ibi tó bá lè pẹ́ dé.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Ìfọ́n tó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tún bàálù ṣe ní Èkó. Òun ni mo lọ bá nígbà tí ọkàn mi kò tíì fi ìdí kalẹ̀. Mo bá a lábẹ́ igi mángòrò, mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde.

"Àbúrò, ìyẹ́ ọ̀hún ńkọ́? Ṣé o ti kàn án?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ práímà ló dá mi dúró. Ẹ bá mi dá sí i."

"Nígbà tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́," ó ní, "n kò rántí ìgbà kan tí mo rí ìpáàrà láàárín gbangba páànù. Abẹ́ bátìrì ni. Ìdí bóòtù onírin tí wọ́n fi de alumíníọ̀mù ni. Abẹ́ fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo má bàa pọ̀, tí ó ń mu omi bíi kànìnkànìn. Àti ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn. Ibi tí o kò lè fi ojú bá ni yóò ti bá ọ."

"Nígbà náà ibi wọ̀nyẹn nìkan ni kí n kùn?"

"Gbogbo rẹ̀ ni kí o kùn. Kí ni o fẹ́ fi ìyókù ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹ́ kí a já òun níyàn, n kò sì já a níyàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń padà bọ̀ wá sí Ọ̀wọ̀, ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gún mi lọ́kàn, ìdajì kejì kò sì tẹ̀ lé e. Bí kò bá rí i rí láàárín gbangba páànù, kí ló dé tí èmi yóò fi kun àárín gbangba páànù?

Ẹ̀gbọ́n mi tún ti mẹ́nu ba ọkọ̀ Aloha kí n tó dìde lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan irin bàálù ló mọ ìtàn náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 1988, Boeing 737 ti Aloha Airlines gbéra ní Hilo, ó ń lọ sí Honolulu, láàárín erékùṣù Hawaii. Ọkọ̀ náà ti gbéra, ó sì ti balẹ̀, nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90,000 láàárín ọdún mọ́kàndínlógún, lórí omi òkun, nínú ọ̀rinrin àti iyọ̀. Ní òkè réré, òrùlé rẹ̀ ṣí kúrò láti ẹ̀yìn àwọn awakọ̀ títí dé ìdí ìyẹ́. Òṣìṣẹ́bìnrin kan tó ń tọ́jú èrò bá a lọ, wọn kò rí i mọ́. Àwọn awakọ̀ sì gbé ọkọ̀ tí kò ní òrùlé náà balẹ̀ sí Maui láyọ̀, pẹ̀lú gbogbo ìyókù láàyè. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, ìpàdé páànù ni: ohun tí wọ́n fi lẹ páànù kan mọ́ èkejì ti tú, omi ti wọ ibẹ̀, ìpáàrà ti jẹ ẹ́, ihò rífẹ́ẹ̀tì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán láti ọ̀kan dé èkejì. Ohun tí kì í kúrò lọ́kàn mi ni pé èrò kan rí ibi tó sán nígbà tó ń wọ ọkọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàálù kékeré tèmi kì í ṣe Boeing. A kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, kò sì ní gbéra tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye ìgbà yẹn. N kò mú Aloha wá láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo mú un wá nítorí pé ibi tí àárẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ àti ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́ka sí, ibì kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ irú ọ̀dà ni mo ti kọ́kọ́ pinnu, ó sì yá mi lára ju bí mo ti rò lọ. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ bàálù nífẹ̀ẹ́ zinc chromate, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ tí ẹ máa rí nínú àwọn bàálù ogun àgbáyé kejì. Ó ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kíróómù tó wà nínú rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lára ẹni tó bá ń mí i símú. Àwọn ọmọ méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Mo mọ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe rí nílẹ̀ wa: a ó ra ìbòmú, ooru yóò mú, ìbòmú yóò bọ́ sí ọrùn, iṣẹ́ yóò máa lọ. Kò sí ìyẹ́ bàálù kan láyé yìí tí n óò fi ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọlọ́mọ rà. Epoxy tí kò ní kíróómù nínú ni mo mú, èyí tí a ń po méjì pọ̀, ọ̀dà àti hádínà rẹ̀. Òun náà kì í ṣe omi mímu. Ìbòmú gidi ni a ń lò, èmi ni mo sì ń fín in, àwọn ọmọ wà níta.

Ọ̀dà tí a kùn lọ́nà àìtọ́ burú ju àìkùn lọ, èyí ni àwọn tó ń fi ìkánjú gbani níyànjú kì í sọ. Ní 2023 Van's Aircraft fúnra wọn jẹ́wọ́ fún àwọn oníbàárà wọn pé práímà tí wọ́n fi kun àwọn kíìtì kan tí wọ́n ti kàn dé ìdajì kí wọ́n tó tà á kò dára tó, ìpáàrà sì ti bá a. Ọ̀dà tí kò di irin mú dáadáa a máa gbé omi pamọ́ sábẹ́ ara rẹ̀, ojú yóò sì máa wo ọ̀dà tó ń dán. Nítorí náà fífọ̀ ni iṣẹ́, fífín kò tó nǹkan. A ń fi ọṣẹ àti kànìnkànìn rírọ̀ fọ páànù náà, jẹ́jẹ́, nítorí ìbòra 0.03 mílímítà kò gba àgbára. Wáyà búrọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ kàn án. Àwọn tó ń kun mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà gbẹ́kẹ̀ lé e, n kò bá wọn jà. Lára alumíníọ̀mù, eérún irin tó bá já sílẹ̀ níbẹ̀ yóò dógùn-ún, yóò sì di ojú egbò. Lẹ́yìn tí a bá ti fi omi ṣan án tó gbẹ, ọwọ́ lásán kò tún gbọdọ̀ kàn án, torí òógùn ní iyọ̀ nínú.

Bí mo ṣe wá pín in rèé. Igi ńlá ìyẹ́ náà, èyí tó gbé gbogbo ẹrù, wọ́n ti fi iná mànàmáná àti ásíìdì tọ́jú rẹ̀ láti Oregon, ó dé pẹ̀lú àwọ̀ wúrà. N kò fọwọ́ kàn án. Àwọn ègé onírin náà ti ní ọ̀dà tiwọn tí wọ́n sun mọ́ wọn lára. Inú táǹkì epo kò gbọdọ̀ ní ọ̀dà kankan, kí gọ́ọ̀mù tó ń dí i lè di irin gan-an mú. Àwọn egungun ìyẹ́ ni mo ń kùn tán, inú àti òde, nítorí etí wọn pọ̀, ihò wọn pọ̀, ojú kan kò sì ní rí ẹ̀yìn wọn mọ́. Lára páànù tó bò wọ́n, ìlà tí egungun yóò ti kàn án àti ibi tí páànù yóò ti gun páànù nìkan ni mo ń fín, fífẹ̀ rẹ̀ ju ìka méjì lọ díẹ̀. Àárín gbangba páànù, mo fi í sílẹ̀ fún Alclad. Bí irin bá máa kan alumíníọ̀mù níbikíbi, mo ń kun méjèèjì, mo sì ń fi bóòtù wọlé kí ọ̀dà tó gbẹ tán, kí ó lè yí ọrùn bóòtù ká.

Ohun kan wà tí mo ka sí ju gbogbo ọ̀dà lọ, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Ní ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ìyẹ́ náà, mo lu ihò tín-ín-rín tí omi yóò máa gbà jáde, ní ibi tí ìwé àwòrán fàyè gbà á. Ẹni tó bá kun inú ìyẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀ tí kò fún omi lọ́nà, adágún omi ló kọ́.

Àkókò ni mo ń ṣọ́ báyìí. Epoxy kò fẹ́ ọ̀rinrin nígbà tó bá ń gbẹ; bí òjò bá ṣú, ojú rẹ̀ a máa yọ̀ bí ẹni fi epo pa á, èyí tó bá tẹ̀ lé e kò sì ní dì mọ́ ọn. Ọyẹ́ ló dára, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ló ni eruku. Nítorí náà lẹ́yìn tí ìrì òwúrọ̀ bá ti gbẹ, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó dìde, a ń wọ́n omi sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kí eruku má bàa fò, a ń ta aṣọ tẹ́ńtì yí tábìlì ká, a ń fín egungun díẹ̀, a ń so wọ́n rọ̀. Bí iná ìjọba bá lọ láàárín iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ a dáhùn, nítorí ọ̀dà tí a ti po kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bàálù náà: irú ọ̀dà, ọjọ́ tí a pò ó, apá ibi tí a kùn àti apá ibi tí a kò kùn, pẹ̀lú àwòrán. Ẹni tó máa ni ọkọ̀ yìí lẹ́yìn mi kò ní máa méfò ohun tó wà lẹ́yìn páànù.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wá wò ó. Ó gbé egungun kan sókè, ó fi èékánná họ ọ̀dà náà, kò bọ́, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí àárín páànù tí kò ní ọ̀dà.

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Alclad wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹ kò rí i níbẹ̀ rí."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ tòun ni, òun óò ṣì kùn ún, ṣùgbọ́n tí mo bá kọ̀, kí n ṣèlérí pé lẹ́yìn ọdún méjì méjì n óò máa fi páìpù wẹ́wẹ́ fín òróró adènà-ìpáàrà gba ẹnu ihò ìyẹ̀wò wọlé. Mo ní òróró náà a máa fa eruku mọ́ra, ọyẹ́ wa sì ní eruku púpọ̀. Ó ní kí n má ṣe fi eruku ṣe àwáwí. Ibẹ̀ ni a bá a dé. Ìyẹ́ òsì ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, a ó tún tún ọ̀rọ̀ náà sọ nígbà tí a bá ṣí i.